Bí Ẹ Bá Fẹ́ Kọ́ Jiọ́lọ́jì ní Yunifásítì: Ohun Tó Wà Nínú Ẹ̀kọ́ Náà àti Ibi Tí Iṣẹ́ Wà

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó kọ jiọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀, sínú fọ́ọ̀mù JAMB, epo rọ̀bì ló wà lọ́kàn wọn. Epo wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ há. Iṣẹ́ tó ń wá èèyàn lójoojúmọ́ nílẹ̀ Yorùbá ni omi abẹ́ ilẹ̀, òkúta tí wọ́n ń fọ́ fún ilé àti títì, òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, wúrà agbègbè Iléṣà, àti àyẹ̀wò ilẹ̀ kí wọ́n tó gbé ilé alájà sórí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ àpáta kà lórí pápá, tó mọ bí a ṣe ń wọn nǹkan, tó sì lè kọ ohun tó rí sílẹ̀ débi tí ẹlòmíì yóò fi gbára lé e, yóò tètè ríṣẹ́ ju ẹni tí kò ní ju ìwé ẹ̀rí lọ. Ìyẹn la ṣe máa pẹ́ lórí iṣẹ́ pápá nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Kí ẹ tó wọlé

Ẹ̀kọ́ náà wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, OAU ní Ilé-Ifẹ̀, UNILAG, FUTA ní Àkúrẹ́, Yunifásítì Ìlọrin, Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè, Adekunle Ajasin ní Àkùngbá, àti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó. Orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀ka náà yàtọ̀ síra: ibì kan á ní geology, ibòmíì á ní earth sciences tàbí geosciences. FUTA ya applied geology sọ́tọ̀ kúrò lára applied geophysics, nítorí náà ẹ wo èyí tẹ́ ẹ fẹ́ dáadáa kí ẹ tó fi nọ́ńbà sí i. B.Sc. máa ń gba ọdún mẹ́rin, B.Tech. ti FUTA gba ọdún márùn-ún. Ẹni tó bá gba Direct Entry wọlé yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì.

Nínú WAEC tàbí NECO, ẹ nílò kírẹ́díìtì márùn-ún: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísírì, àti ọ̀kan sí i, bíi Bàyọ́lọ́jì tàbí Jọ́gíráfì. Ní UTME, ẹni tó bá mú Gẹ̀ẹ́sì, Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Ìṣirò wà lójú ọ̀nà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé. Àwọn kan máa ń gba Jọ́gíráfì tàbí Bàyọ́lọ́jì dípò ọ̀kan nínú wọn. Ẹ yẹ ìwé ìtọ́ni JAMB wò fún ilé ìwé tẹ́ ẹ yàn gan-an. Ọmọ tó gba máàkì gíga lè pàdánù àyè nítorí pé ó mú sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan tí ilé ìwé náà kì í gbà.

Físíìsì àti Ìṣirò ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á rò pé òkúta lásán làwọn wá kọ́, tó bá wá di ọdún kẹta, tí ẹ̀kọ́ geophysics dé, tí wọ́n ní kí wọ́n ṣírò bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú ilẹ̀ kọjá, ojú á wá là. Ẹ má ju ìwé Físíìsì ti sẹ́kọ́ńdìrì nù.

Ohun tí wọ́n ń kọ́

Ọdún kìíní, ẹ̀kọ́ gbogbogbò ló pọ̀ jù. Ọdún kejì ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àlùmọ́ọ́nì lọ́wọ́ kan-kan. Ìdánwò àkọ́kọ́ ni líle: èékánná yín jẹ́ 2.5 lórí òṣùwọ̀n Mohs, owó bàbà wà ní nǹkan bí 3.5, ọ̀bẹ ní 5.5, quartz ní 7. Quartz àti feldspar ni wọ́n máa ń dà rú jù, nítorí ọ̀bẹ kò lè ha èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ gbé òkúta náà síwájú oòrùn kí ẹ sì máa yí i díẹ̀díẹ̀. Feldspar máa ń fọ́ ní ojú pẹrẹsẹ, ojú náà á sì kọ mọ̀nà bí dígí. Quartz kì í ní ojú pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀. Ṣe ló máa ń fọ́ bí ìdí ìgò. Bí òjò àti oòrùn bá bá wọn jà fún ìgbà pípẹ́, feldspar á di amọ̀, quartz á sì ṣẹ́kù bíi yanrìn. Ẹ di ọ̀rọ̀ amọ̀ yìí mú, ó ń bọ̀ wá dí àwọn tó ń wá omi lọ́wọ́.

Ẹ ó tún kọ́ bí a ṣe ń wo òkúta nínú máíkírósíkóòpù. Wọ́n á gé òkúta pẹlẹbẹ, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, wọ́n á wá lọ̀ ọ́ títí yóò fi tín-ín-rín tó 0.03 mílímítà, tí ìmọ́lẹ̀ fi lè gba inú rẹ̀ kọjá. Quartz ni a fi ń mọ̀ bóyá ó ti tó. Bí a bá ti àsẹ́ ìmọ́lẹ̀ kejì bọ̀ ọ́, quartz gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ eérú tàbí kó funfun. Bó bá ṣì ń pọ́n bí pupa ẹyin adìẹ, òkúta náà ṣì nípọn, gbogbo àwọ̀ yòókù tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ á sì ṣì yín lọ́nà. Àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn ni bí àpáta ṣe ń ká àti bí ó ṣe ń ya, ìtàn ìpele ilẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀, kẹ́mísírì òkúta, epo, àti àwòrán ilẹ̀ láti ojú òfuurufú. Ẹ fi QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, kún un fúnra yín láti ọdún kejì. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n lò dáadáa kì í wá àyè SIWES (ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi iṣẹ́) tì.

Lórí pápá

Ohun èlò yín kò pọ̀: òòlù jiọ́lọ́jì, kọ́ńpáàsì tó ní òṣùwọ̀n ìdagun, awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10, GPS, máàpù 1:50,000 ti agbègbè náà, téèpù, ìgò ásíìdì kékeré, àpò òkúta, máákà, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, àti ìwé pápá. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ̀wé, ẹ má lo báírò: bí òjò bá kán sí báírò, iṣẹ́ ọjọ́ náà ṣòfò. Ásíìdì inú ìgò náà ni hydrochloric tí a là sí nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún: ìwọ̀n ásíìdì 37% kan sí ìwọ̀n omi mẹ́ta. Nínú lábù, lójú onímọ̀ lábù, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti awò ààbò, ni kí ẹ ti ṣe é. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sínú ìgò, kí ẹ wá máa da ásíìdì sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da omi lé ásíìdì lórí, ó lè ta sí i lójú. Òkúta ẹfun Ewékorò yóò hó lójú ẹsẹ̀ bí ásíìdì bá kán sí i. Dolomite, tó jọ òkúta ẹfun, kì í hó àfi tẹ́ ẹ bá fi ọ̀bẹ ha á di lúbúlúbú.

Kí ẹ tó gbé òòlù sí òkúta kankan, ẹ lọ kí baálẹ̀ abúlé náà, kí ẹ mú lẹ́tà ẹ̀ka yín dání, kí ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ wá ṣe. Ẹ béèrè àwọn òkè tó jẹ́ ojúbọ, kí ẹ má ṣe fi òòlù kàn wọ́n. Ìwọ̀n ni kí ẹ gbà níbẹ̀, tí wọ́n bá gbà yín láàyè. Àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ mọ ibi tí àpáta ti yọrí ju máàpù èyíkéyìí lọ. Ìbéèrè kan péré lọ́wọ́ wọn lè dá ìrìn wákàtí mẹ́ta padà fún yín.

Ìwọ̀n tí wọ́n máa fi dán yín wò títí tẹ́ ẹ ó fi jáde ni ibi tí ìlà àpáta kọjú sí àti bó ṣe dagun tó. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé àpáta náà fìdí múlẹ̀. Ní agbègbè akọ òkúta bí Ìdànrè tàbí Abẹ́òkúta, òkúta ńlá tó yí wá láti orí òkè pọ̀, ìlà ara wọn kò sì bá ti àpáta ìsàlẹ̀ mu mọ́. Ẹ gbé òòlù, fóònù àti kọ́kọ́rọ́ sẹ́yìn, torí irin ń fa abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì. Ẹ tẹ́ ìwé pápá yín lé ojú ìlà náà kí gbágungbàgun rẹ̀ lè dọ́gba. Ẹ gbé etí kọ́ńpáàsì lé e, kí ẹ sì rí i pé ó tẹ́jú. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá kà níbẹ̀ ni ibi tí ìlà náà kọjú sí. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi díẹ̀ sí i. Ibi tí omi náà bá ṣàn lọ ni ìdagun rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni kí ẹ gbé òṣùwọ̀n sí. Tó bá yà kúrò lójú ọ̀nà omi díẹ̀, ìdagun tẹ́ ẹ máa kà yóò kéré sí òótọ́. Kì í pọ̀ jù láé. Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́ta kọ ìlà, kí ẹ fi méjì kọ ìdagun, bíi 020/45E, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ọ̀kan fún èkejì. Ní ilẹ̀ àpáta ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ìlà máa ń lọ láti àríwá sí gúúsù, tàbí kó yà díẹ̀ sí ìlà oòrùn. Bí gbogbo ìwọ̀n yín lọ́jọ́ kan bá lọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ padà lọ wò ó: ó lè jẹ́ ohun tuntun lẹ rí, ó sì lè jẹ́ pé irin kan nítòsí ló ń fa abẹ́rẹ́ yín.

Àṣìṣe tó ń ba project ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ ni ti GPS. Máàpù 1:50,000 àtijọ́ ti Nàìjíríà, Minna datum (ìpìlẹ̀ tí a fi ń ka ibùdó lórí máàpù) ni wọ́n fi yà á. Fóònù àti GPS, datum mìíràn tó ń jẹ́ WGS84 ni wọ́n ń lò. Bí ẹ bá gbé nọ́ńbà GPS sórí máàpù náà bẹ́ẹ̀, gbogbo ibùdó yín á sún ju 100 mítà lọ. Lórí máàpù, ó jẹ́ mílímítà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti gbé àpáta yín sí òdìkejì odò. Nínú QGIS, nọ́ńbà EPSG ni ẹ fi ń yan datum àti zone (ìpín máàpù UTM): EPSG:26331 ni Minna fún zone 31, EPSG:32631 sì ni ti WGS84. Zone náà ń yí padà ní 6°E: Ọ̀wọ̀ wà ní 31, Auchi wà ní 32. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí ààlà yẹn gbọ́dọ̀ kọ zone sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

Fún òkúta tí ẹ máa gbé lọ sí lábù, ẹ gé èèpo rẹ̀ tó ti jẹrà kúrò, kí ẹ mú inú rẹ̀ tó ṣì tutù, tó bí kílò kan. Èèpo yẹn ti pàdánù potassium àti sodium rẹ̀ fún òjò, bí ẹ bá fi wọn kẹ́mísírì àpáta, èsì tó máa jáde á jẹ́ ti amọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà sára òkúta, kí ẹ tún kọ ọ́ sí bébà nínú àpò, torí máákà ìta àpò máa ń parẹ́.

SIWES

Oṣù mẹ́fà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi iṣẹ́ yìí ló ń sọ ẹni tẹ́ ẹ máa jẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà ní oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú. Ẹ má dúró de ilé iṣẹ́ epo nìkan. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń gbẹ́ bohóòlù, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, iléeṣẹ́ omi ìpínlẹ̀, Ogun-Osun River Basin ní Abẹ́òkúta, àti Nigerian Geological Survey Agency. Bí wọ́n bá gbé yín síbi fótókópì, ẹ bẹ ọ̀gá pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kó jẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé àwọn tó ń lọ sí pápá. Ẹ máa kọ logbook lójoojúmọ́, kí ẹ sì gba ìbuwọ́lù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ yín lè ti kúrò kí oṣù mẹ́fà tó pé.

Ibi tí iṣẹ́ wà

Omi ló ń tètè sanwó. Ní ilẹ̀ àpáta bí Ìbàdàn, Oṣogbo tàbí Àkúrẹ́, omi wà nínú àpáta tó ti jẹrà àti nínú ibi tó ti ya, kì í sì í sí níbi gbogbo. Kí ẹ̀rọ tó gbẹ́ ilẹ̀, a máa ń ṣe VES: a ó ki irin mẹ́rin bọ ilẹ̀ lórí ìlà kan, méjì ìta á máa fi iná ránṣẹ́, méjì inú á máa wọn ìyàtọ̀ fóltéèjì. A ó máa sún àwọn ti ìta jìnnà síra, láti mítà 1 lápá kọ̀ọ̀kan títí dé 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jìnnà ni a ń rí ìsàlẹ̀ sí i. Ohm-m ni a fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná tó: àpáta tútù tí kò ya máa ń ju 1,000 ohm-m lọ, èyí tó ya á wálẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún mélòó kan, amọ̀ á wà lábẹ́ 100. Ibí ni amọ̀ tí feldspar dà ti ń tan èèyàn jẹ. Nọ́ńbà rẹ̀ kéré, ó dà bí omi, omi wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í tú u sílẹ̀. Oníbohóòlù tó bá kàn wá nọ́ńbà tó kéré jù á gbẹ́ kànga tí yóò máa gbẹ lọ́jọ́ kejì. Ibi tí àpáta tó jẹrà ti nípọn, tí kì í ṣe kìkì amọ̀, tí ibi tó ya sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ni kí ẹ tọ́ka sí.

Àwọn ohun mìíràn tún lè ba ìwọ̀n náà jẹ́. Lọ́gbẹlẹ̀, ilẹ̀ tó gbẹ kì í jẹ́ kí iná wọlé, ẹ bu omi sí ìdí irin. Páìpù omi abẹ́ ilẹ̀ àti wáyà iná nítòsí máa ń da nọ́ńbà rú. Ní etíkun Èkó, nọ́ńbà tó kéré gan-an lè jẹ́ omi iyọ̀, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀rọ ìwọ̀n sínú ihò náà kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n máa gbé àsẹ́ sí. Kí bohóòlù sì jìnnà sí sọ́kàwéè, ó kéré tán 30 mítà.

Àyẹ̀wò ilẹ̀ fún ilé ni iṣẹ́ kejì, ẹ̀mí èèyàn sì rọ̀ mọ́ ọn. Ní Lẹ́kkí àti ọ̀pọ̀ ibi ní Èkó, amọ̀ rírọ̀ àti ewé jíjẹrà wà lábẹ́ yanrìn tí wọ́n kó dà sórí àbàtà. Nínú ìdánwò SPT, òòlù 63.5 kílò á máa já bọ́ láti gíga 760 mílímítà, a ó sì ka iye ìgbà tó gbà kí ọ̀pá tó wọlé 450 mílímítà. A kì í ka 150 àkọ́kọ́, torí ẹ̀rọ ti da ilẹ̀ ibẹ̀ rú. 300 tó kù la ń kà. Bí ó bá jẹ́ 2 tàbí 3, ilẹ̀ náà rọ̀. Ẹni tó bá kọ 15 síbẹ̀ nítorí pé onílé ń kánjú, ẹ̀mí àwọn tó máa gbé inú ilé náà ló ń fi ṣeré.

Ní ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà, bíi Sẹ̀gilọlá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí wúrà àkọ́kọ́ jáde ní 2021, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ń fún ọmọ tuntun ni kíka core, ìyẹn ọ̀pá òkúta tí ẹ̀rọ fà jáde. Ẹ ó kọ irú òkúta, àwọ̀, ìlà quartz àti RQD, òṣùwọ̀n bí àpáta ṣe wà láìfọ́ tó: ẹ ro gígùn gbogbo ègé tó tó 10 sẹ̀ǹtímítà sókè pọ̀, kí ẹ pín in sí gígùn ibi tí ẹ̀rọ gbẹ́, kí ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Ibi tí ẹ̀rọ tàbí ọwọ́ òṣìṣẹ́ bá dá a, ojú rẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní. Ẹ ka irú ègé bẹ́ẹ̀ sí ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, Ìbéṣè àti Ṣàgámù máa ń gba àwọn tó lè sọ ibi tí òkúta ẹfun ti dára àti ibi tí amọ̀ ti wọ inú rẹ̀.

Iṣẹ́ epo ṣì wà fún ẹni tó mọ seismic kà (àwòrán abẹ́ ilẹ̀ tí a fi ìgbì ìró yà), tó mọ Petrel, ètò kọ̀ǹpútà àwọn elépo, lò, tàbí tó mọ àwọn ẹ̀dá kéékèèké ayé àtijọ́ tó wà nínú òkúta. Láti 2025 tí Shell ti gbé ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó ń wa epo lórí ilẹ̀ fún Renaissance, ilé iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ yóò máa tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ epo sábà máa ń gba Master's. PTDF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ epo, ń san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn kan láti kà á lókè òkun. Ní ti àyíká, ìyà tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní 2010, nígbà tí òjé inú òkúta wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé, fi hàn pé ibi ìwakùsà nílò ẹni tó lè wọn májèlé nínú ilẹ̀ àti omi kó tó dé inú ara èèyàn.

Lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí

Ẹ wọ NMGS, ẹgbẹ́ àwọn jiọ́lọ́jíìsì àti awakùsà Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, nígbà tẹ́ ẹ ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìpàdé rẹ̀ ọdọọdún ni ẹ ti máa rí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ lójúkojú. Tó bá jẹ́ epo lẹ fẹ́, NAPE, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wá epo, ni. Lẹ́yìn NYSC, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COMEG, àjọ tí òfin 40 ti 1990 gbé kalẹ̀ fún àwọn jiọ́lọ́jíìsì àti ẹnjiníà ìwakùsà. Ẹ má buwọ́ lu ìròyìn kankan gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Ẹ sì má bá ẹnikẹ́ni tọ́ka ibi wúrà tàbí òkúta iyebíye tí kò bá ní ìwé àṣẹ láti Mining Cadastre Office: ìjọba àpapọ̀ ló ni àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, yálà oko bàbá ẹni náà ni ó ti rí i tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, òfin ìwakùsà 2007 sì lè mú jiọ́lọ́jíìsì mọ́ awakùsà. Kí ẹ tó gba iṣẹ́ irú bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ náà, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ wọn bóyá ilẹ̀ tí wọ́n mú yín dé gan-an ló wà nínú rẹ̀.